Ibi Tí Èmi àti Dára Yóò Ti Mòòkùn

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ aṣọ rọ́bà tí wọ́n fi ń mòòkùn, èèyàn méjì ló bá mi wọ̀ ọ́. Sharon, tíṣà wa, di ẹ̀yìn mú. Dára, ọmọ-ọmọ mi, di iwájú mú. Èmi fúnra mi fa ikùn wọlé bí ẹni tó fẹ́ gba àárín ọgbà ẹlẹ́gùn-ún kọjá. Itan ọ̀tún wọlé. Itan òsì wọlé. Ìdí ló ní òun ò lọ síbì kankan.

"Grandma, ẹ fò sókè díẹ̀," Dára ní.

Mo fò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fò létí omi ìwẹ̀ yẹn ní Lake Highlands, títí ìdí fi wọlé pẹ̀lú ariwo kan tí n kò ní sọ ibi tó ti jáde. Sharon yíjú sí ògiri. Dára jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Ọmọ tí mo fọ ìdí fún ni, kò sí ìtìjú kankan tó kù láàárín wa.

Wúrà lorúkọ mi. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni mí. Ọ̀dọ̀ Fúnlọ́lá ọmọ mi ni mò ń gbé ní Euless, ní Texas, níbi tí ọkọ̀ òfuurufú ti ń gba orí òrùlé wa kọjá láràárọ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọlé wá jẹun. Nọ́ọ̀sì ni Fúnlọ́lá. Dára ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n gbé e dé láti ọsibítù, èmi ni mo pọ̀n ọ́n, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ata tí ojú kì í sì í ṣomi. Nísinsìnyí, oṣù karùn-ún ni yóò parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì tó wà ní Arlington, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan sì ti ń dúró dè é ní Seattle. Mo wo Seattle lórí máàpù. Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún wò ó. Kò sún mọ́ wa rárá.

Fúnlọ́lá ló ní kí gbogbo wa jọ wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá kí ọmọ náà tó lọ. Láti Galveston ni ọkọ̀ yóò ti gbéra, ọjọ́ méje ni yóò lò, ibi mẹ́ta ni yóò sì ti dúró nínú òkun Caribbean: Cozumel ní Mexico, Grand Cayman, àti Falmouth ní Jamaica. Ó wá ṣòfin. Ọjọ́ méjì nínú mẹ́ta, ti ìdílé ni. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni Dára lè fi mòòkùn, kó yan ibi tó bá wù ú.

Dára ti gba káàdì ẹ̀rí òmòòkùn lọ́dún tó kọjá pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́. Nídìí tábìlì oúnjẹ lọ́jọ́ náà, ó ní ìṣòro kan ló kù: wọn kì í jẹ́ kí èèyàn dá nìkan lọ sábẹ́ omi, dandan ni kí olúkúlùkù ní ẹnìkejì, òun ò sì mọ ẹnì kankan tí yóò wà nínú ọkọ̀ náà tó ń mòòkùn.

"Èmi wá ńkọ́?" mo ní.

Fúnlọ́lá rẹ́rìn-ín. Dára ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó wò mí dáadáa.

"Ẹ mọ omi wẹ̀ ṣá?"

"Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Kí n tó mọ pátá wọ̀ ni mo ti mọ omi wẹ̀."

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, kì í ṣe ẹja ni mo fẹ́ lọ wò. Ẹja wà lọ́jà. Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí ọmọ yìí tó lọ, kí nǹkan kan wà tó jẹ́ pé èmi àti òun nìkan la jọ ṣe é, tí yóò fi máa sọ fún àwọn ará Seattle pé ìyá àgbà òun bá òun dé ìsàlẹ̀ òkun. Ó wù mí débi pé mo ń lá àlá rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù ni àwọn tó ń kọ́ni mòòkùn kọ́kọ́ fún wa. Fúnlọ́lá wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Dára tẹ́ fọ́ọ̀mù sórí tábìlì ilé ìdáná, ó mú bírò, ó ń ka ìbéèrè sí mi létí.

"Ikọ́ fée?"

"Rárá."

"Ṣúgà?"

"Ti ọ̀tá mi ni."

"Àìsàn ọkàn?"

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!"

"Grandma, ṣé rárá nìyẹn?"

"Kọ rárá. Kọ ọ́ gàdàgbà kí wọ́n rí i."

"Ẹ̀jẹ̀ ríru?"

Mo gbé ọwọ́ lé àyà. "Mi ò gbà á. Kì í ṣe tèmi."

Dára wo orí firíìjì, níbi tí àpótí oògùn mi wà, èyí tó ní ihò méje fún ọjọ́ méje. "Ìyẹn wá ńkọ́?"

"Vitamin ni."

Ó kọ rárá.

Ẹ má tíì pè mí ní òpùrọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní àárín tiwa, èèyàn kì í fi ẹnu ara rẹ̀ lẹ àìsàn mọ́ ara rẹ̀. Bí dókítà bá ní o ní ẹ̀jẹ̀ ríru, o máa gba oògùn, o máa lò ó, o ò sì ní jẹ́ kí ọjọ́ kan fò ọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi ọ́, dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀, ìwọ ò sọ bẹ́ẹ̀. Kódà lọ́dún tó kọjá, mo dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti mú ẹ̀jẹ̀ mi wálẹ̀. Ó mú un wálẹ̀ lóòótọ́. Oògùn méjì ló lò, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Mi ò kàn dárúkọ wọn níwájú ìjọ. Wọ́n pariwo Halelúyà, ọ̀rẹ́ mi Josephine sì jó títí gèlè rẹ̀ fi tú.

Báyìí ni mo ṣe mú Dára gẹ́gẹ́ bí ẹnìkejì mi, tí mo di akẹ́kọ̀ọ́ Sharon. Ọmọ Texas ni, òyìnbó, ó ga bí òpó iná, oòrùn sì ti yan ojú rẹ̀ bí àgbàdo. Kò mọ ìyàtọ̀ ìwọ àti ẹ̀yin nínú èdè tirẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń kọ ìwé yìí, màá fi "ẹ" sí i lẹ́nu. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu mí láti inú tánkì. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ lábẹ́ omi. Èmi tó jẹ́ pé bí mo bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n á wá wò bóyá mo ti kú! Mo na àtàǹpàkò sí i láti sọ pé ara mi dáa. Àṣé ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé kí a máa lọ sókè. Ó fà mí sókè. Mo tún na àtàǹpàkò láti dúpẹ́.

Àmọ́ wàhálà mi gan-an ni ìtọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn "vitamin" mi yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti lé omi jáde lára. Ogún ìṣẹ́jú kì í pé tí màá fi ní kí wọ́n bọ́ aṣọ rọ́bà lára mi. Bíbọ́ rẹ̀ gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wíwọ̀ rẹ̀ gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní kíláàsì kejì, mo pinnu pé mi ò bọ́ ọ mọ́. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi ìwẹ̀ yẹn tóbi.

Sharon ti ṣàkíyèsí kí n tó pinnu bẹ́ẹ̀. "Ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe yín?" ó bi mí.

"Tíì ni mo mu jù," mo ní.

Ní ọjọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn, a jókòó láti yan ibi tí a ó ti mòòkùn. Josephine wà níbẹ̀, nítorí pé Josephine kì í gbọ́ pé mo ń lọ síbì kan kó má ra tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Òun náà yóò bá wa wọ ọkọ̀. Dára gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí itan, ó ń fi àwòrán hàn wá.

"Ti Cayman, omi rẹ̀ mọ́ bíi dígí, kì í lọ, kì í bọ̀. Kò jìn, ẹsẹ̀ bàtà ogójì péré. Ti Jamaica náà fara jọ ọ́."

"Jamaica ni kí ẹ yàn," Josephine ní. "Wọ́n ń fi ata yan adìẹ níbẹ̀."

"Josephine, ṣé inú adìẹ la fẹ́ mòòkùn sí ni?"

"Ó sàn kí o mòòkùn sínú adìẹ. Nínú òkun, ẹja ni yóò jẹ ìwọ, kì í ṣe ìwọ ni yóò jẹ ẹja."

"Ẹja wo ló fẹ́ dá jẹ èmi yìí tán? Yóò ní láti pe àwọn ẹbí rẹ̀."

Dára rẹ́rìn-ín, ó wá yí kọ̀ǹpútà sí ojú ìwé mìíràn. Àwòrán tó wà níbẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Òun náà ló wà lójú fóònù rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Ògiri iyùn ńlá kan ni nínú omi aláwọ̀ búlúù, ó sì ga bí ilé alájà mẹ́fà.

"Cozumel nìyẹn," ó ní. "Omi ń ṣàn níbẹ̀, Grandma. Bí odò ni, àmọ́ inú òkun ló wà. Èèyàn ò ní wẹ̀ rárá, omi fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbé e lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yìí. Ẹsẹ̀ bàtà ọgọ́ta, nígbà mìíràn ọgọ́rin." Ó pa ojú ìwé náà dé. "Ṣùgbọ́n Cayman dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Cayman."

Nígbà tí ọmọ yìí wà ní kékeré, bí mo bá ní kó mú ẹran ńlá, yóò mú kékeré, yóò ní òun ti yó. Mo mọ̀ ọ́n. Mo sì ní ìgbéraga lára tèmi náà.

"Cozumel la ń lọ," mo ní. "Ṣé torí pé mo darúgbó lẹ ṣe fẹ́ gbé mi lọ sínú abọ́ ìfọṣọ?"

Ẹ ò rí bí inú rẹ̀ ṣe dùn. Ó fò dìde, ó dì mọ́ mi débi pé kọ̀ǹpútà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀. Josephine mi orí. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ ti parí.

Kíláàsì kẹta ló ba nǹkan jẹ́. Sharon ní a ó kọ́ ohun tí ẹnìkejì ń ṣe bí ẹnìkan bá dákú lábẹ́ omi. Ó ní kí èmi jẹ́ ẹni tó dákú, kí Dára gbé mi. Iṣẹ́ tó rọ̀ jù lọ tí wọ́n fún mi látìgbà tí mo ti débẹ̀ nìyẹn. Mo di ojú, mo na gbọọrọ bí ẹja panla.

Dára dì mí mú láti ẹ̀yìn. Ó tú bẹ́líìtì òjé tó ń mú èèyàn rì, tí mo so mọ́ ìbàdí, ó gbé agbárí mi sókè kí omi má bàa wọ imú mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà mí láti ibi tó jìn lọ sí ibi tí kò jìn. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ àwàdà. Mo fẹ́ ní kó rọra, pé ẹrù olówó ni. Àmọ́ mo gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó ń mí bí ẹni tó ń gun òkè, ó sì ń ka nǹkan sókè, ní ení, èjì, ẹ̀ta, bí Sharon ṣe kọ́ ọ. Mo la ojú kan díẹ̀.

Kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ti fún pọ̀. Àwa tí a ti ń fi gbogbo nǹkan yìí ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ yìí ò fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń gbé òkú ìyá àgbà rẹ̀. Nígbà tí a dé etí omi, kò lè gbé mi gùn ún. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, mo sì ń yọ́ padà sínú omi bí ọṣẹ. "Ẹ jọ̀ọ́, Grandma," ó ń sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "ẹ jọ̀ọ́." Mi ò mọ̀ bóyá èmi ló ń sọ ọ́ fún.

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi ẹni tí mo parọ́ fún. Bí ọkàn mi bá kọṣẹ́ ní ẹsẹ̀ bàtà ọgọ́ta, níbi tí omi ti ń ṣàn, Sharon ò ní sí níbẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún yìí ni yóò dì mí mú. Yóò sì máa rò títí ayé pé òun ni kò lágbára tó.

Mo la ojú méjèèjì. Mo di irin àtẹ̀gùn mú, mo gun òkè fúnra mi, mo jókòó.

"Sharon," mo ní, "irọ́ wà nínú fọ́ọ̀mù mi. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó pé ọdún mẹ́jọ. Oògùn méjì ni mò ń lò."

Ohun tí mi ò tíì fi ẹnu sọ rí nìyẹn. Mo retí kí nǹkan ṣẹlẹ̀. Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Omi ń lù létí ògiri, ẹnìkan ń fọ ilẹ̀ lọ́hùn-ún.

Sharon jókòó tì mí. "Ọ̀kan nínú wọn ló ń mú yín tọ̀?"

"Òun ni."

"Kì í ṣe tíì?"

"Mi ò tilẹ̀ fẹ́ràn tíì."

Kò bínú. Ó ní inú òun dùn pé ibí ni mo ti sọ ọ́, pé kì í ṣe nínú òkun. Ṣùgbọ́n ó ní mi ò ní wọ tánkì mọ́ títí dókítà yóò fi fọwọ́ sí i.

Dára ló wakọ̀ wa padà sílé. A wà lórí òpópónà 635 nígbà tó sọ̀rọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, bí ó ti máa ń ṣe bí nǹkan bá dùn ún.

"Ẹ ní vitamin ni."

"Mo ní vitamin ni."

"Bí ẹ bá kú mọ́ mi lọ́wọ́ ńkọ́?"

Mo ní kó má bínú. Mo bẹ ọmọ tí mo bí ìyá rẹ̀, mo sì tún bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí a dé Euless.

Fúnlọ́lá ní tirẹ̀ pariwo ó. "Mọ́mì! Nọ́ọ̀sì ni mí! Èmi fúnra mi ni mò ń to oògùn sínú àpótí yín! Ẹ tún wá ní ẹ ò ní nǹkan kan?"

"Mi ò ní mi ò lò ó. Mo ní mi ò gbà á."

"Ẹ̀jẹ̀ yín ò gbọ́ Yorùbá, Mọ́mì!"

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ti mú mi dé ọ̀dọ̀ dókítà. Dókítà náà fara balẹ̀. Ó ní bí èèyàn bá wà lábẹ́ omi, omi á máa ti ẹ̀jẹ̀ láti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sínú àyà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè kún fún omi nígbà tó ṣì ń mí afẹ́fẹ́ lẹ́nu. Ó ní òun fẹ́ pààrọ̀ ọ̀kan nínú oògùn mi, òun sì fẹ́ kí n sáré lórí ẹ̀rọ tí èèyàn ń sáré lórí rẹ̀ tí kì í dé ibì kankan, kí òun wo ọkàn mi. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí n padà wá, bóyá òun á fọwọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ló kù kí ọkọ̀ wa gbéra.

Bí ọ̀rọ̀ mòòkùn mi ṣe parí nìyẹn. N kò ní purọ́ fún yín, mo sunkún díẹ̀ ní ilé ìyàgbẹ́, mo fọ imú, mo jáde.

Mo ní láti sọ fún Josephine, nítorí pé ó ti ròyìn fún gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin pé mo ń lọ sísàlẹ̀ òkun. Mo pè é lórí fóònù, mo sọ ohun gbogbo, títí kan ẹ̀rí tí mo jẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Wúrà," ó ní, "mílígíráàmù mélòó ni ti alẹ́?"

"Mẹ́wàá."

"Èyí tó funfun, tó rí roboto?"

"Josephine! Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Mẹ́wàá ni tèmi náà. Ó di ọdún kẹfà."

"Ṣùgbọ́n o jó! Gèlè rẹ tú!"

"Kí ni kí n ti ṣe? Mo rò pé gbogbo ìjọ ti gba ìwòsàn tán, ó ku èmi nìkan. Mo jó kí ó lè kàn mí."

A rẹ́rìn-ín débi pé Fúnlọ́lá yọjú láti yàrá rẹ̀ láti wò bóyá ó yẹ kó yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi wò.

Dára ò bínú pẹ́. Kò mọ̀ ọ́n ṣe. Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn tí a ti ọ̀dọ̀ dókítà dé, ó wá jókòó tì mí níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Mo ti yan ibòmíràn," ó ní. "Cayman. Mi ò ní mòòkùn. Dókítà ní ẹ lè wọ jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó kí ẹ máa wo ẹja láti òkè, etí bèbè náà ni. Èmi àti ẹ̀yin la jọ máa ṣe é."

"Cozumel tí o ti ń wò lójú fóònù láti ọdún tó kọjá ńkọ́?"

"Mo lè lọ sí Cozumel nígbàkigbà. Àmọ́ ẹ̀yin..." Ó mú ẹ̀wà kan, ó ń yí i kiri láàárín ìka.

Ó tún ti mú ẹran kékeré. Èmi ni mo sì gbé abọ́ síwájú rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n gbádùn. Bí mo bá gbà, yóò lọ sí Seattle láìrí ògiri iyùn yẹn, ara mi ló sì dí i lọ́wọ́. Bí mo bá ní kó lọ sí Cozumel láìsí èmi, èmi yóò wà nínú ilé ìtajà pẹ̀lú Josephine, mò ń yẹ fìlà wò, òun yóò sì wà níbi tí mo ti ní kí a jọ dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pe Sharon fúnra mi.

"Sharon, mi ò fẹ́ wọ omi. Mo ti gba ti dókítà. Ìbéèrè kan ni mo ní. Bí àwọn òmòòkùn bá ti lọ sísàlẹ̀, kí ni ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ń ṣe?"

"Níbo?"

"Ní Cayman, kọ́kọ́."

"Wọ́n á so ọkọ̀ mọ́ ibì kan. Àwọn òmòòkùn á yí ká, wọ́n á padà wá síbẹ̀. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ á jókòó."

"Ní Cozumel ńkọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ kọ́ ní Cozumel. Omi ń gbé wọn lọ, ibi tí wọ́n ti wọlé kọ́ ni wọ́n máa ti jáde, nítorí náà wọn kì í so ọkọ̀. Ọkọ̀ náà á máa tẹ̀lé wọn láti òkè."

"Báwo ló ṣe ń mọ ibi tí wọ́n wà?"

"Ìhó," Sharon ní. "Èémí tí wọ́n ń mí jáde máa ń hó wá sójú omi. Ọlọ́kọ̀ á máa wò ó, yóò máa tẹ̀lé e."

Mo jókòó. "Ibi tí wọ́n bá lọ, ọkọ̀ lọ?"

"Ibi tí wọ́n bá lọ, ọkọ̀ lọ."

"Wọ́n ń gba ẹni tí kò fẹ́ mòòkùn sínú ọkọ̀ náà?"

"Àwọn mìíràn ń gbà. Ẹ bi wọ́n léèrè. Dára ò ní dá nìkan wà; afinimọ̀nà wọn máa ń bá wọn sọ̀ kalẹ̀, òun ló máa jẹ́ ẹnìkejì rẹ̀. Mo mọ ọ̀kan tó gbọ́n níbẹ̀, màá fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́."

Fúnlọ́lá ni mo kọ́kọ́ sọ fún, kí wọ́n má bàa tún sọ pé mo fi nǹkan pamọ́. Ó pe ọ́fíìsì dókítà. Wọ́n ní kò burú, kí n jókòó síbi tí òjìji wà, kí n dé fìlà, kí n mu omi, kí n má fò oògùn. Ó pe àwọn ọlọ́kọ̀ ní Cozumel pẹ̀lú. Wọ́n ní àyè wà fún ẹnìkan, bí ìyá náà bá lè gun àkàbà. Fúnlọ́lá wò mí láti òkè délẹ̀. "Ó lè gùn ún," ó ní sínú fóònù, "bí ẹnìkan bá wà nísàlẹ̀ tó ń tì í."

Nígbà tí Dára dé láti Arlington lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kò tíì bọ́ bàtà tí mo fi sọ fún un. Ó gbọ́ mi dópin. Ó jókòó sórí àga pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lẹ́yìn.

"Ẹ ò ní rí mi, Grandma. Ẹsẹ̀ bàtà ọgọ́ta ni. Ìhó nìkan lẹ máa rí."

"Ìhó ni mo fẹ́."

"Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta lẹ máa fi wo ìhó?"

"Nígbà tí wọ́n gbé ọ dé láti ọsibítù, o kéré, o sì máa ń sùn bí òkúta. Ìyá rẹ á ní kí n lọ sùn. Mi ò ní sùn. Màá dúró létí bẹ́ẹ̀dì rẹ, màá máa wo àyà rẹ bóyá ó ń lọ sókè. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Kò sí ẹja níbẹ̀, kò sí iyùn, èémí lásán ni mò ń wò. Kò sú mi."

Dára wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bọ́ báàgì, ó gbé kọ̀ǹpútà jáde, ó ṣí ojú ìwé ògiri búlúù yẹn níbi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Ó tẹ òmòòkùn kan. Ó tẹ ẹni inú ọkọ̀ kan. Ó kọ orúkọ tirẹ̀, ó kọ orúkọ tèmi sábẹ́ rẹ̀, ó yí i sí mi kí n wò ó bóyá ó kọ ọ́ dáadáa.

"Èwo lẹ wá yàn?" Fúnlọ́lá pariwo láti ilé ìdáná.

"Cozumel," àwa méjèèjì dáhùn.